Bàálù nínú oòrùn ọ̀sán gangan: kí ni mo lè ṣe kí fọ́tò má dúdú, kó má sì funfun jù?

Àdùnní_Chi · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá fọ́tò. Ní oṣù Kẹjọ, èmi àti àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ wo Chicago Air and Water Show ní etíkun North Avenue, mo sì fẹ́ ya fọ́tò gidi níbẹ̀. Canon R7 ni kámẹ́rà mi, lẹ́ńsì RF 100-400 ni mo ní. Kò sówó lẹ́ńsì ńlá lọ́wọ́ báyìí.

Oòrùn ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ lọ́dún tó kọjá fi tiwọn hàn mí: bàálù dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú ọ̀run funfun báláú. Ní ti àwọn Thunderbirds, ẹgbẹ́ tó ń fi jet ṣeré fún Air Force Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé bàálù tiwọn funfun, ìmọ́lẹ̀ ti pa gbogbo ìlà ara wọn rẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ya méjèèjì o.

Ìgbà wo ni oòrùn máa ń dára níbẹ̀? Ibo ni kí n dúró sí? Ẹnì kan ní kí n ra polarizer, fílítà tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ńsì láti mú dídán kúrò, ẹlòmíì ní owó ìyẹn, kí n fi jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Àdùnní ọmọ mi, kó o tó fọwọ́ kan kámẹ́rà rárá, kọ́kọ́ mọ ibi tí oòrùn máa wà.

Ìlà-oòrùn ìlú Chicago ni adágún Michigan wà. Ẹni tó bá dúró sétí omi ní North Avenue, ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Nítorí náà, láàárọ̀ tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀, iwájú rẹ ni oòrùn wà, lápá ọ̀tún díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàálù tí ìwọ ń wò ni ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ibẹ̀ ni dúdú yẹn ti ń wá, kámẹ́rà kọ́ ló fà á. Bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, oòrùn á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ìyẹn gúúsù, kó tó wá yí sẹ́yìn rẹ. Ìgbà yẹn ni àwọ̀ á jáde. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè, Blue Angels (ẹgbẹ́ ti Navy Amẹ́ríkà) tàbí Thunderbirds, ìparí ètò ni wọ́n sábà máa ń fò.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rò: má jókòó sí àárín èrò. Lọ sí apá gúúsù, ní ìhà Oak Street Beach, kó o kọjú sí àríwá. Bí ọ̀sán bá ṣe ń sún mọ́, oòrùn á wà lẹ́yìn rẹ, bàálù tó bá ń bọ̀ láti àríwá á sì gbé imú rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ wá bá ọ. Láti ibẹ̀ dé North Avenue kò tó máìlì kan. Òkìtì èrò tó wà ní àárín kò sí níbẹ̀, ìwọ náà á ráyè yí ara rẹ.

Kọ́ládé Lẹ́ńsì · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti Oak Street fún ẹni tí lẹ́ńsì rẹ̀ parí sí 400mm, ìyẹn bó ṣe lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ tó. Ọ̀gangan North Avenue ni wọ́n fi ṣe àárín eré. Ibẹ̀ ni bàálù méjì ti máa ń kọjá lára ara wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fò sílẹ̀ jù. Ẹni tó wà ní Oak Street á rí ìmọ́lẹ̀ tó dára lára bàálù tó kéré. Òótọ́ ni pé R7, tí sensor rẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kéré, á sọ 400 yẹn di bíi 640, ṣùgbọ́n kò tíì tó.

Èmi á dúró ní North Avenue, n ó sì fi àárọ̀ ya ohun tí àárọ̀ bá fún mi. Èéfín tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń tàn, ó lẹ́wà ju èyí tí oòrùn wà níwájú rẹ̀ lọ. Bàálù tó dúdú pátápátá láàárín èéfín funfun, tí ìrísí rẹ̀ mú ṣáká, fọ́tò nìyẹn náà. Èyí tó dúdú díẹ̀, tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí kò jẹ́ kinní kan, ni kò dára.

Sẹ́tìn fún jet: ṣọ́tà 1/2000 (ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú àáyá), jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá). Ó parí.

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Kọ́ládé, a lè gba ti ibi ìdúró. Ti ISO yẹn ni mi ò gbà. Ohun tó ba fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ Àdùnní jẹ́ gan-an lo tún fẹ́ gbé fún un.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé bàálù lò ń yà. Gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ ló ń wọ̀n pọ̀. Bí bàálù bá kéré, tí ojú ọ̀run tó ń tàn yòò sì gba gbogbo fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù, bàálù á sì dúdú. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, bàálù funfun kọjá níwájú àwọn ilé gogoro tàbí ojú ọ̀run búlúù tó jinlẹ̀, kámẹ́rà á rò pé òkùnkùn ni, á fi kún un, funfun á jóná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oòrùn tó ń tàn sára àwọn bàálù méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹ̀yìn wọn nìkan ló yí padà.

Nítorí náà, M, ipò tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan gbogbo sẹ́tìn, ni kó o gbé kámẹ́rà sí, kí ISO náà dúró lójú kan. Òfin àtijọ́ wà fún oòrùn tí kò ní kùrukùru: ní f/16, ṣọ́tà rẹ jẹ́ ìdá kan lórí ISO. ISO 400, ní f/16, ó jẹ́ 1/400. Ṣí lẹ́ńsì dé f/8, ó di 1/1600. Lẹ́ńsì rẹ kò lè ṣí ju f/8 lọ tó bá ti dé 400, nítorí náà ibẹ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀: ISO 400, f/8, 1/1600. Bó o bá fẹ́ yára sí i, ISO 800 pẹ̀lú 1/3200. Fún àwọn Thunderbirds tó funfun, dín in kù ní ìdá kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì). Ya àyẹ̀wò, wo histogram (àwòrán kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn), rí i pé kò gun ògiri ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn apá funfun. Lẹ́yìn náà má fọwọ́ kàn án mọ́ títí oòrùn á fi yí ipò padà.

Akin_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Òfin Bàbá dára bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni. Bó bá wà níwájú ńkọ́? Duxford ni mo sábà máa ń lọ, pápá bàálù tí Imperial War Museum ń lò ní ìhà Cambridge. Gúúsù ni èrò kọjú sí níbẹ̀, oòrùn sì ń bá wa jà ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó o bá lo f/8, 1/1600, ISO 400 yẹn sí bàálù tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú á tún ni, torí òjìji bàálù náà lò ń yà.

Láàárọ̀ Chicago, fi stop kan sí ìkan-àbọ̀ kún ti Bàbá. Ojú ọ̀run á funfun, jẹ́ kó funfun. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àtúnṣe sí, ni kó o fi yà á, kó o lè fa òjìji sókè nílé.

Ṣùgbọ́n ohun tó jù sẹ́tìn lọ ni sùúrù. Bàálù kì í fò gbọọrọ nìkan, ó máa ń tẹ̀. Nígbà tó bá tẹ̀ tó fi ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn òkè apá rẹ̀, hàn ọ́, oòrùn tó wà lókè á bọ́ sára rẹ̀ gbogbo, kódà bí oòrùn ọ̀hún bá wà níwájú rẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jet tó ń dá ṣeré fi máa ń ní ìfòkọjá kan tó rọra tẹ̀ kọjá níwájú èrò, tí wọ́n ń pè ní photo pass. Má ṣe yin gbogbo fọ́tò rẹ tán sí ibi tó ti ń fò gbọọrọ. Dúró de ìtẹ̀sí yẹn.

Kọ́ládé Lẹ́ńsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bàbá, mo ti gba ti M fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n adágún yẹn kì í fi ìkùukùu ṣeré. Ìkùukùu kan á bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á já sílẹ̀ ní stop méjì lójijì, ìṣẹ́jú kan ó tún padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá lórí M á máa lé e kiri. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Auto ISO (kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá ISO) pẹ̀lú exposure compensation (ohun tí a fi ń sọ fún kámẹ́rà pé kó fi kún ìmọ́lẹ̀ tàbí kó dín in kù) ní +0.7 sí +1 fún bàálù tí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tó. Ẹni tó bá mọ̀ pé àwọn funfun ló ń bọ̀, kó yí i sí −0.3.

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Ọjọ́ ìkùukùu, mo gbà.

Ṣọlá_Fọ́tò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ń sọ 1/1600, 1/2000. Ṣé gbogbo ohun tó ń fò níbẹ̀ ló jẹ́ jet? Bàálù onípropeller wà, hẹlikọ́pítà wà. C-130 tí àwọn Blue Angels ń pè ní Fat Albert náà wà, propeller mẹ́rin ló ní. Ẹni tó bá fi 1/2000 ya ìyẹn, propeller á dúró gbagidi, bàálù á dà bíi pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú òfurufú.

Fún propeller, 1/250 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti balẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ dé 1/160 tàbí 1/125. Hẹlikọ́pítà tún ń fẹ́ kó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí apá rẹ̀ kì í yí kíá. Ìgbà yìí gan-an ni oòrùn líle tún ń dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀: ní ISO 100, 1/125, òfin oòrùn yẹn á gbé ọ dé nǹkan bíi f/14. Ibẹ̀, fọ́tò R7 kò ní mú mọ́ bó ṣe yẹ, gbogbo eruku tó wà lára sensor á sì hàn lójú ọ̀run búlúù. Ẹ nu sensor yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì lórí iyanrìn etíkun rárá.

Ohun kan ṣoṣo nípa R7 tí mo fẹ́ kí Àdùnní fi sọ́kàn: má lo electronic shutter fún propeller. Ó ń ka àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, propeller á tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Mechanical shutter, èyí tó ń ṣí tó ń pa, ń yin fọ́tò 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó pọ̀ tó.

Ní ti bí a ṣe ń yí ara: ẹsẹ̀ rẹ kọjú sí ibi tí bàálù máa parí sí, ìbàdí sókè ni kó o yí padà sẹ́yìn láti lọ pàdé rẹ̀. Bó bá ṣe ń bọ̀, ara rẹ á máa tú, kò ní máa lọ́. Má dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn tó o bá ti tẹ bọ́tìnnì, máa bá a lọ.

Akin_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán

Ṣọlá, ọpẹ́ ni fún f/14 yẹn, torí ibẹ̀ ni polarizer ti wúlò. Ó máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ bíi stop kan àbọ̀. Ẹni tó fẹ́ 1/125 nínú oòrùn, ISO 100, á lè dúró ní f/8, fọ́tò rẹ̀ á mú. Fílítà 67mm ni lẹ́ńsì Àdùnní ń gbà, èyí tó dára kò wọ́n púpọ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ó tún ń mú dídán kúrò lára apá bàálù, àwọ̀ á jinlẹ̀.

Kọ́ládé Lẹ́ńsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Fún propeller, mo gbà. Fún jet, kó yọ ọ́ sínú àpò. Lẹ́ńsì tó parí sí f/8 kò ní stop kan àbọ̀ láti fi tọrẹ. Àti pé bí polarizer ṣe ń mú ojú ọ̀run dúdú dúró lórí ibi tí oòrùn wà sí ibi tó o kọjú sí. Bàálù tó ń ti àríwá lọ sí gúúsù, ojú ọ̀run á dúdú níhìn-ín, á ṣá lọ́hùn-ún, o ò sì lè máa yí fílítà nígbà tí F-16 ń kọjá lọ.

Èyí tó burú jù ni ìbòrí ibi tí awakọ̀ jókòó. Ike ni, kì í ṣe gíláàsì. Polarizer lè mú kí àwọ̀ òṣùmàrè jáde lára ike yẹn, kọ̀ǹpútà kò sì rọrùn láti fi mú un kúrò.

Àdùnní_Chi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà ìbàdí tí Ṣọlá sọ, mo ti dán an wò pẹ̀lú mọ́tò ní Lake Shore Drive, ó yàtọ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Fóònù ni ọmọ mi obìnrin á fi yà tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ṣé ohun kan wà tó lè ṣe? Mo sì fẹ́ ya àwọn ọmọ pẹ̀lú bàálù lẹ́yìn wọn. Àwa dúdú bí a ṣe dúdú yìí, nínú oòrùn yẹn, pẹ̀lú fìlà lórí, ojú wọn kì í hàn rárá.

Ìyá Túndùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Ọmọ fóònù lè ya ohun tó dára, àmọ́ kó má fi zoom lé bàálù ẹyọ kan. Kó ya ẹ̀fín, kó ya àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà tí wọ́n bá tú ká, kó ya èrò tó gbójú sókè. Lórí iPhone, kó tẹ ojú ibi tó ń yà mọ́lẹ̀ títí AE/AF Lock á fi hàn, kó wá fa àmì oòrùn yẹn sísàlẹ̀ díẹ̀. Ojú ọ̀run á padà di búlúù. Bí kò bá tì í pa báyìí, ìmọ́lẹ̀ á máa yí padà lójú fóònù ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá kọjá.

Kó má gbé fóònù sílẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná. Apple fúnra wọn ní ìwọ̀n ooru tó yẹ kí iPhone ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò ju 35 °C lọ, iyanrìn inú oòrùn sì gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa. Taólì funfun ni kẹ́ ẹ mú lọ, kẹ́ ẹ fi bo kámẹ́rà náà, torí ohun dúdú ń fa ooru mọ́ra.

Taólì yẹn kan náà ló máa bá yín yanjú ti ojú àwọn ọmọ. Ẹ tẹ́ ẹ síwájú wọn lórí ilẹ̀ tàbí kí ẹnì kan na án dání nísàlẹ̀ àyà wọn, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sí abẹ́ fìlà. Ẹ ti fìlà sẹ́yìn díẹ̀. Ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀run. Àwọ̀ ara wa yẹ kó jáde bó ṣe rí, pẹ̀lú dídán rẹ̀, ọ̀run ló yẹ kó yọ̀ǹda. Aago kan lọ sókè, tí oòrùn bá ti ń yí sẹ́yìn yín, ni kẹ́ ẹ yà á.

Ẹ wá nǹkan tí ń dí etí fún àwọn kékeré o. Ariwo yẹn kì í ṣe kékeré.

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́rú, 6:55 àárọ̀

Ìyá Túndùn sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ìdí aago kan yẹn hàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti sún aago síwájú, nítorí náà aago méjìlá kọ́ ni oòrùn ń wà lókè jù ní Chicago, aago kan ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Láàárín oṣù Kẹjọ, ó ń gòkè dé nǹkan bí ìwọ̀n (degree) 61 láti ojú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn sẹ́yìn èrò.

Ṣọlá_Fọ́tò · Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ooru tó ń jó lójú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ máa ń mú kí bàálù rí wúyẹ́wúyẹ́ nínú fọ́tò, ẹ á rò pé focus ló bàjẹ́. Lẹ́ńsì olówó ńlá kò lè wò ó sàn.

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́rú, 11:04 àárọ̀

Òótọ́ ni fún Oshkosh ní Wisconsin, níbi àfihàn bàálù AirVenture ní ìparí oṣù Keje. Ojú ọ̀nà bàálù oníkọnkéré ló wà níwájú ẹni níbẹ̀, bí bàálù bá ń gbéra lọ́sàn-án, ooru yẹn kò ṣeé fi ẹnu sọ. Àárọ̀ kùtù nìkan ló dára fún ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Chicago, bàálù kì í gbéra níwájú èrò. Pápá Gary ní Indiana ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbéra wá, orí omi sì ni eré náà. Omi kì í gbóná bíi kọnkéré. Ìṣòro náà wà, pàápàá fún ohun tó jìnnà tó sì fò sílẹ̀, àmọ́ ó fúyẹ́. Má ya ohun tó jìnnà jù, ìwòsàn rẹ̀ nìyẹn.

Akin_Peckham · Ọjọ́rú, 12:47 ọ̀sán

Omi ń fúnni ní ohun mìíràn. Ọ̀rinrin. Bí jet bá yára fò sílẹ̀ lórí adágún, tàbí tó tẹ̀ kíkan, ìrì máa ń bo apá rẹ̀, oòrùn líle á sì mú un tàn. Blue Angels ní ìfòkọjá kan tí ọ̀kan nínú wọn ń gba ẹ̀yìn èrò tàbí ẹ̀gbẹ́ wá lójijì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìró. Ẹni tó bá ń dúró de ariwo, ó ti kọjá lọ. Nígbà tí mẹ́rin bá ń fi èéfín fa ojú yín sí apá kan, ẹ máa wo apá kejì.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi lẹ́ńsì gígùn lé bàálù kọjá ojú oòrùn. Pẹ̀lú kámẹ́rà tí ihò ìwòran rẹ̀ jẹ́ gíláàsì lásán, ojú lè fọ́. Ti R7 jẹ́ síkírìnì kékeré, ojú yín wà ní ààbò, ṣùgbọ́n sensor lè jóná. Bí ẹ bá sì gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ẹ má jẹ́ kí ihò tí à ń fojú wò yẹn kọjú sókè sí oòrùn, torí gíláàsì rẹ̀ á kó oòrùn jọ sórí síkírìnì yẹn, á sì fi àmì sí i títí ayé.

Fẹ́mi Àbújá · Ọjọ́rú, 3:30 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwa ará ilé náà láyè. Bí bàálù Air Force bá máa fò ní Eagle Square ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ṣé ohun tẹ́ ẹ sọ yìí náà ni a máa lò?

Bàbá Milwaukee · Ọjọ́rú, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Fẹ́mi, sẹ́tìn kan náà, oòrùn ló yàtọ̀. Ní Àbújá lásìkò yẹn, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín orí gan-an, bí ìwọ̀n 78. Òkè bàálù nìkan ló ń tàn sí, abẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wò láti ilẹ̀ á dúdú níbikíbi tẹ́ ẹ bá dúró. Nítorí náà, ẹ fi stop kan kún un, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀. Super Tucano tó dé lọ́dún 2021, propeller ni, 1/250. Alpha Jet, 1/1600.

Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé lẹ́ńsì gígùn jáde níbẹ̀ o. Ẹ má gbé e dé ẹ̀gbẹ́ bárékè tàbí pápá àwọn ológun láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kọ́ládé Lẹ́ńsì · Ọjọ́rú, 9:09 alẹ́

Àdùnní, bó o bá lè gba àyè níbi iṣẹ́, lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìdánrawò ni wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, àwọn bàálù yẹn náà ló ń fò, èrò kò sì tó ti Sátidé. Dán ti Bàbá wò ní Oak Street fún ìdajì ọjọ́, kó o wá sí North Avenue fún ìdajì tó kù, wàá sì mọ èyí tó bá lẹ́ńsì rẹ mu kí Sátidé tó dé. Bátìrì méjì, káàdì méjì.